Igbá Òfìfo Láti Èbúté Lọ́ńdọ̀nù

Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹwàá, ọdún 1987.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékúmù. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ìwé yìí. Ẹ kú àárò mi, ẹ kú ìrọ́jú ọ̀wọ́n gógó tí a gbọ́ pé ó gba ilẹ̀ kan lọ́dọ̀ yín. Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ ọ̀tún yín ti ń gbà kí ẹ máa rìn dé mọ́ṣáláṣí? Àwọn afíngbá ẹgbẹ́ yín ńkọ́, pàápàá Bàbá Bámgbóṣé? Ẹ bá mi kí wọn.

Èmi náà ń bẹ láàyè. Mo ti kúrò ní ilé ìtajà tí mo ti ń ṣọ́ ilẹ̀kùn, mo ti rí iṣẹ́ tuntun ní àdúgbò èbúté àtijọ́, ní ìhà ìlà-oòrùn ìlú yìí. Láyé ijọ́un, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi gbogbo ayé ti ń já ẹrù: tíì, ṣúgà, tábà, títí kan epo pupa àti èkùrọ́ tiwa. Nígbà tí ọkọ̀ ńláńlá kò lè wọ ibẹ̀ mọ́, èbúté náà kú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, mo gba ibẹ̀ kọjá. Gbogbo fèrèsé àwọn ilé ẹrù ló ti fọ́, eku ló sì ń gbé inú wọn. Ní báyìí ìjọba ti ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n ń fọ bíríkì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n la reluwé kékeré kan tó ń gba òkè lọ, reluwé náà kò sì ní awakọ̀. Wọ́n fẹ́ kí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ máa wá láti Amẹ́ríkà àti Jàpáànì, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n ra nǹkan, kí wọ́n ya fọ́tò. Èmi ni mo ń mú wọn káàkiri. Mo ní káàdì tí wọ́n kọ orúkọ mi sí, mo máa ń fi há àyà.

Bàbá mi, ẹ gbọ́ ohun tí kò jẹ́ kí n lè jókòó lójú kan láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀gá wa obìnrin fẹ́ kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ jọ sínú ilé ẹrù kan, láti gbogbo ibi tí ọkọ̀ ti ń wá síbí láyé àtijọ́. Mo sọ fún un pé kò sí ẹni tí ọ̀bẹ rẹ̀ mọ́ tó ti bàbá mi nínú àwọn tó ń fín igbá l'Ọ́yọ̀ọ́. Ó ní kí n fi ọ̀kan han òun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi igbá kan pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ rán Josiah, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí a jọ ń gbé yàrá. Pápákọ̀ òfuurufú ló ti ń ṣiṣẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì kì í wọ́n an. Ó ń bọ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, yóò yà lọ́dọ̀ yín.

Bí igbá náà bá wù wọ́n, wọn yóò ní kí ẹ wá fún oṣù mẹ́ta nígbà ooru, láti oṣù kẹfà, kí ẹ jókòó síbẹ̀ máa fín igbá, kí àwọn àlejò máa wò yín. Owó ọkọ̀ àti ibùsùn yín, ọrùn wọn ló wà.

Ẹ má tí ì kọ̀, Bàbá. Ẹ rò ó wò.

Ọmọ yín,
Mùílì.


Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, ọdún 1987.

Mùílì ọmọ mi,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí sí. Ara mi le, ẹsẹ̀ nìkan ló ń ṣe bí ẹni pé kì í ṣe tèmi. Marufat ẹ̀gbọ́n rẹ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní àwọn ọmọ kíláàsì òun ń pọ̀ sí i, ṣọ́ọ̀kì ń dín kù. Ó kí ọ.

Josiah dé. Ó mọ ọmọlúàbí í ṣe, ó sì mọ oúnjẹ jẹ. Mo ti fi igbá rán an. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi fín in, ọ̀bẹ mi kò yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀rọ̀ pé kí n wá jókòó kí òyìnbó máa wò mí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á kí n tó gbà pé èmi lò ń bá wí. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí. Kí ni wọ́n fẹ́ wò lára mi? Ṣé wọn kò rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ rí ni? Níbí, bí ènìyàn bá dúró lé mi lórí pẹ́ nígbà tí mo bá ń fín igbá, mo máa ń bi í pé ṣé ó fẹ́ rà ni àbí ó fẹ́ dúró bá mi fọ́ ọ. Ìbéèrè kan sì ń jẹ mí lọ́kàn. Àwọn tó ń ru ẹrù ní èbúté yẹn nígbà tó ṣì jẹ́ èbúté, níbo ni wọ́n wà báyìí? Ilé tí wọ́n bá ń tún ṣe fún àlejò, mo máa ń fẹ́ mọ ibi tí onílé ń sùn. Reluwé tí kò ní awakọ̀ yẹn ńkọ́, jọ̀wọ́ má wọ̀ ọ́ mọ́.

Gbọ́ tèmi náà. Ẹgbẹ́ afíngbá ti fẹnu kò pé èmi ni wọn yóò fi jẹ olórí. Jímọ̀ kejì nínú oṣù kìn-ín-ní ni ìwúyè, lẹ́yìn ìrun. Bámgbóṣé kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní olórí tí ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo sá fún igbá, ta ni yóò tẹ̀ lé e? N kò dá a lóhùn. Ìwọ ni kí o wá dá a lóhùn.

Wá sílé, Mùílì. Ọdún kẹsàn-án rèé. Nígbà tí ìyá rẹ kú, mo ní ọ̀nà jìn. Nígbà tí a ń ṣe fídáù rẹ̀ lọ́jọ́ kẹjọ, ojú ọ̀nà ni mo ń wò. Nígbà tó di ogójì ọjọ́, mo ṣíwọ́ wíwò. O kò sọ ìdí kan fún mi ju iṣẹ́, iṣẹ́, iṣẹ́. Ṣé iṣẹ́ ló bí ọ ni? Àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Èmi bàbá rẹ,
Mìkáílù Jayéọlá.


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kejìlá, ọdún 1987.

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo tún yín kí. Ẹ kú ìmúra ìwúyè. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí oyè náà mọ́ yín lórí.

Igbá yín dé! Ọ̀gá wa gbé e sọ́wọ́, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó wá bi mí pé ẹ̀rọ wo ni wọ́n fi ṣe é. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní ọ̀bẹ kan ṣoṣo ni, pẹ̀lú ọwọ́ bàbá mi. Gbogbo ọ́fíìsì dúró yí i ká. Lọ́jọ́ náà, Bàbá, kò sí ẹni tó ga tó mi nínú ilé yẹn.

Ohun kan ló kù. Wọ́n fẹ́ kí àwòrán afárá àti odò wọn wà lára ìdérí, kí ẹni tó bá rà á lè máa rántí ibi tó ti rà á. Mo ti fi pẹ́ńsù fa ìlà rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ sínú ìdérí. Nítorí náà mo ń dá igbá náà padà kí ẹ lè fi ṣe àpẹẹrẹ. Mo dé ìdérí rẹ̀ pa dáadáa, mo fi aṣọ funfun tí a fi ń bo tábìlì ní ọ́fíìsì dì í, mo so ó gírígírí kó má baà fọ́ lọ́nà. Ìwé yìí ni mo kọ́kọ́ gbé lọ sí pósítọ́fíìsì, kó lè ṣáájú igbá dé.

Ní ti kí n wá sílé, Bàbá, ẹ fi orí jì mí. Kò ní ṣeé ṣe báyìí. Iṣẹ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n Josiah ń bọ̀ wá gbéyàwó ní oṣù kìn-ín-ní, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ yín ní ọjọ́ ìwúyè gan-an. Òun ni yóò ṣojú mi, òun náà ni yóò gbé igbá wá. Ẹ̀bùn oyè yín wà nínú àpótí tí mo fi ránṣẹ́ lójú omi, yóò pẹ́ díẹ̀.

Ẹ béèrè àwọn tó ń ru ẹrù. Wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí àwọn ilé gíga kan tó jìnnà. Bàbá àgbà kan wà lọ́dọ̀ wa tí wọ́n gbà síṣẹ́. Ó ń dé fìlà tó ń dé nígbà náà, ó ń gbé àpò lé èjìká, àwọn àlejò ń yà á ní fọ́tò. Fóòmù ló wà nínú àpò náà, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Mo rò pé inú rẹ̀ dùn.

Ọmọ yín,
Mùílì.


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ keje, oṣù kejì, ọdún 1988.

Bàbá mi,

Ṣé kò sí nǹkan? Mo ń retí ìwé yín láti ìgbà tí Josiah ti padà, n kò rí nǹkan kan. Ní àràárọ̀ ni mo ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ẹnu ọ̀nà kí alápò ìwé tó kọjá, n ó tún lọ wò ó lẹ́yìn tó bá kọjá. Mo bi Josiah pé báwo ni ìwúyè. Ó ní, "Wọ́n gba igbá lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n máa lọ." Mo ní ṣé inú Bàbá dùn? Ó ní òun kò mọ̀, ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ń fi òun sílẹ̀.

Ṣé ẹsẹ̀ ni? Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni? Bí ó bá jẹ́ pé mo ṣẹ̀, ẹ bú mi. Èébú yín ṣeé gbọ́ ju ìdákẹ́ yìí lọ. Àwọn ará ọ́fíìsì sì ń bi mí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ èsì yín kí oṣù kẹrin tó parí, kí àwọn lè kọ ìwé ìpè tí ẹ máa mú lọ gba físà.

Ọmọ yín,
Mùílì.


Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejì, ọdún 1988.

Mùílì,

N kò ní kí ọ púpọ̀. Inú tó ń bí mi kò jẹ́ kí ìkíni wá.

Mo wà nílé Bàbá l'Ọ́yọ̀ọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Èrò kún àgbàlá. Wọ́n ti kírun tán, àwọn afíngbá ti jókòó, ó ku kí wọ́n wé láwàní fún Bàbá. Josiah wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ìwọ lo rán òun láti wá ṣojú rẹ. Gbogbo ènìyàn pariwo, "Ọmọ rere!" Mùílì, Bàbá rẹ́rìn-ín. N kò tí ì rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn láti ọjọ́ tí Màmá ti kú. Wọ́n ní kí Bàbá ṣí ohun tí ọmọ Lọ́ńdọ̀nù fi ránṣẹ́, kí gbogbo wa rí i. Bàbá tú aṣọ funfun. Wọ́n ṣí ìdérí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kò sí ẹyọ obì kan, kò sí bébà kan.

Ṣé o ti gbàgbé ìlú tí wọ́n ti bí ọ ni? Ọ̀yọ́ tí o jẹ́ ọmọ rẹ̀ yìí, bí wọ́n bá gbé igbá òfìfo síwájú ọba láyé àtijọ́, ọba mọ̀ pé wọn kò fẹ́ òun mọ́, pé ilé ayé ti tán fún òun. Ọmọdé mọ ìtàn yẹn. Ìwọ wá dé igbá òfìfo pa, o fi aṣọ tó dà bí ti òkú dì í, o fi ránṣẹ́ sí bàbá tó bí ọ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi wọ́n joyè. Igbá tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fín!

Bàbá Bámgbóṣé ló kọ́kọ́ dìde. Wọ́n ní, "Ọmọ rẹ̀ ti sọ tirẹ̀. Kí ló kù fún àwa?" Wọ́n wọ bàtà, wọ́n lọ. Àwọn yòókù ń yọ́ tẹ̀ lé wọn. Mo di Josiah mú lọ́rùn aṣọ. Ó ní o sọ pé ìwé ti ṣáájú. Ìwé wo? Ìwé kankan kò dé títí di òní.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá kò mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí àwọn igbá. Gbogbo Sátidé ni mo ń lọ sọ́dọ̀ wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n bi mí pé, "Marufat, kí ni mo fi ṣe Mùílì?"

Má kọ̀wé sí mi. Bàbá ni kí o kọ ọ́ sí. Má sì tún mú ọ̀rọ̀ òyìnbó àti afárá wá o. O ń fi nǹkan pamọ́ fún wa láti ọjọ́ tó pẹ́, mo mọ̀ ọ́. Sọ ọ́.

Marufat.


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta, ọdún 1988.

Bàbá mi,

Mo dojú bolẹ̀. Lórí ilẹ̀ yàrá ni mo ti ń kọ ìwé yìí.

Marufat ti sọ ohun tí ọwọ́ mi ṣe. Bàbá, àpẹẹrẹ ni mo dá padà. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, ìwé náà ló yẹ kó ṣáájú. Afárá wọn ni mo fà sínú ìdérí. N kò ro igbá òfìfo, n kò ro aṣọ funfun, bí ó ṣe máa débẹ̀ láìfọ́ nìkan ni mo ń rò. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, mo sì ṣe ohun tí àlejò kì í ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orí jì mí. Kò sí ọjọ́ kan tí mo kọ̀ yín.

Ó ku èyí tí Marufat ní kí n sọ. Pásípọ́ọ̀tù mi kò sí lọ́wọ́ mi. Ọdún 1983 ni mo ti fi sílẹ̀ fún ìjọba ibí, nígbà tí mo tọrọ ààyè láti máa gbé ìlú wọn. Títí di òní wọn kò wí pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò wí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí mo bá gbà á padà láti fi rìnrìn àjò, wọn yóò ní mo ti jáwọ́ nínú ẹ̀bẹ̀ mi, wọn kò sì ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Lọ́dún tí Màmá kú, mo lọ bá wọn. Mo tò láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán. Obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì ní kí n yan ọ̀kan. Mo yàn, Bàbá. Mo yàn láti má wá. Ohun tí n kò lè kọ sí yín nìyẹn, tí mo fi ń kọ "iṣẹ́".

Bí wọ́n ra igbá, bí wọn kò rà á, kò kàn mí. N kò wá ju ọ̀nà tí n ó fi rí yín lọ. Èmi kò lè wá, ni mo fi ní kí ẹ̀yin wá, mo sì fi ọ̀rọ̀ àlejò bo ojú rẹ̀. Ojú yín ń wù mí í rí. Mo ti ń gbàgbé bí ohùn yín ṣe rí, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Bí ẹ kò bá fẹ́ wá, n ó sọ fún wọn pé ẹ kọ̀, n kò sì ní mẹ́nu bà á mọ́. Ẹ ṣáà kọ ìlà kan sí mi.

Ọmọ yín,
Mùílì.


Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹrin, ọdún 1988.

Mùílì ọmọ mi,

Àlékúmù sàlámù. Dìde nílẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ tutù.

Ìwé rẹ mẹ́ta ló dé lọ́sẹ̀ kan náà. Èyí tí o ní yóò ṣáájú igbá, oṣù mẹ́ta ló fi rìn. Kò sí ibi tí wọn kò lu òǹtẹ̀ sí lára rẹ̀, n kò mọ ìlú tó lọ sùn sí. Mo kà wọ́n tán, mo pe Bámgbóṣé, mo ní kó wá gbọ́. Mo ka ti igbá fún un. Ti pásípọ́ọ̀tù, n kò kà á, ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ó ní kí n gbé ìdérí náà wá. A yí i sí ìmọ́lẹ̀, a sì rí ìlà pẹ́ńsù rẹ lóòótọ́. Inú òfìfo ni gbogbo wa ń wò lọ́jọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò yẹ ìdérí wò. Bámgbóṣé wò ó títí, ó ní, "Afárá yìí wọ́. Ọmọ rẹ kò mọ ìlà fà." Ó wá sunkún. Arúgbó náà ò le tó bó ṣe ń ṣe.

Ẹgbẹ́ ní kí n wá joyè. Mo ní rárá, kí wọ́n fi Bámgbóṣé jẹ ẹ́, nítorí pé olórí kò gbọdọ̀ fi ìlú sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Wọ́n ti wé láwàní fún un. Mo wà níbẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀, n kò ní purọ́ fún ọ.

Ní ti ìyá rẹ. Bí o bá ti sọ fún mi nígbà náà, èmi gan-an ni n bá sọ pé kí o dúró. Àìwá rẹ kọ́ ló ń dùn mí. O jẹ́ kí n máa rò fún ọdún mẹ́ta pé o kò fẹ́ wá ni. Má ṣe irú rẹ̀ sí mi mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá le, kọ ọ́ bó ṣe le. Mo ti gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ rí.

Marufat yóò mú mi lọ sí Ìbàdàn lẹ́yìn ọdún ìtunu ààwẹ̀ láti lọ gba pásípọ́ọ̀tù tèmi, nítorí náà jẹ́ kí wọ́n kọ ìwé ìpè wọn. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fín èyí àkọ́kọ́ nínú àwọn igbá tí n ó kó wá, mo tún afárá rẹ ṣe kó lè dúró. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé n ó jókòó, n ó sì ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ gidi o, n kò ní gbé àpò fóòmù fún ẹnikẹ́ni. Bá mi kí bàbá tó ń gbé e. Sọ fún un pé mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ tí mo bá dé, ìwọ ni kí o ṣe ògbufọ̀.

Sọ fún wọn pẹ̀lú pé iwájú mi gan-an ni kí wọ́n fi ìwọ sí, kí wọ́n má fi ọ́ sí ẹ̀yìn èrò. Àwọn àgbà ní ìran kì í wòran. Wọ́n máa fi orí jì mí lọ́tẹ̀ yìí. Kí àwọn àlejò máa wò mí bó ti wù wọ́n. Ìwọ ni n ó máa wò.

Bàbá rẹ,
Mìkáílù Jayéọlá.